Ẹni Tó Ń Sọ Pé Ó Dúró

Irọ́ kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin yìí pa fún bàbá rẹ̀ láti ìgbà tó ti dáyé. Mi ò ka àwọn irọ́ wẹ́wẹ́ tí gbogbo ọmọ máa ń pa, irú èyí tí wọ́n á ní àwọn ti wẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì funfun bí ẹfun. Irọ́ gidi ni mò ń wí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, kò sì gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo ju gbogbo irin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kó máa jó irin mọ́ irin. Ó ń ṣe ilẹ̀kùn, ó ń ṣe fèrèsé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni irin ìfaratì, irú èyí tí wọ́n ń tò sí etí àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ènìyàn má baà já bọ́. Bàbá Onírin ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, oníbàárà kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ wá gba irin rẹ̀, ó ní, "Bàbá Onírin, ta ló máa fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé nǹkan yìí lágbára?" Inú bí bàbá. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jókòó sórí irin náà, ó sì sún sẹ́yìn. Ọmọ mi ẹsẹ̀, ó mi ìdí, ó gbọn irin náà títí, ló bá kéde bí adájọ́ pé, "Ó dúró!" Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé irin rẹ̀ lọ láìjanpata.

Bó ṣe di ìlànà ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Bàbá a máa ní, "Iṣẹ́ tí mi ò lè gbé ọmọ mi lé, mi ò ní gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn." Kò sí irin ìfaratì tó ń kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ lé e lórí. Nígbà tó dàgbà, tí jíjókòó kò bójú mu mọ́, ó wá ń fi ẹ̀yìn tì í. Á gbé gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ lé e, á dákẹ́, á tẹ́tí, kó tó la ẹnu. Òun náà kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí, orúkọ tí wọ́n fún un nígbà náà kò sì bọ́ lára rẹ̀. Ódúró ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ rọra máa pè é ní Ódúró o, kó má lọ dúró sí ilé bàbá rẹ̀ títí ayé."

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Ìyá Iléèwé wá. Òun ni ọ̀gá iléèwé àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lẹ́yìn títì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òkè sí iléèwé náà, Bàbá Onírin ló sì bá wọn ṣe irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló ṣe é, nítorí pé ilé ẹlòmíràn ni Ódúró wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, tó ń to ilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa dé, bàbá ti kun ún lọ́dà. Èyí ya Ódúró lẹ́nu díẹ̀, torí pé òun ló máa ń kun ọ̀dà, bàbá rẹ̀ kórìíra òórùn ọ̀dà bí ẹni kórìíra ẹjọ́.

Ó fi ẹ̀yìn ti irin náà lójú Ìyá Iléèwé àti olùkọ́ méjì. Ó gbé ara lé e. Ó sì gbọ́ ọ.

Kẹ́.

Ohùn kékeré ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ká ọmọ ìka. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ ọ́n lára pé irin náà sún díẹ̀ báyìí, bí eyín tó ń mì lẹ́nu ọmọdé. Ó fi ojú wá oríkèé tó sún náà rí. Lábẹ́ ọ̀dà tuntun yẹn, iná kò jẹ irin rárá. Irin tó yọ́ kàn dúbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó yẹ kó wà, bí ìda àbẹ́là. Ọmọṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹni tó ti jó irin fún ogójì ọdún.

Ó gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ọ̀rọ̀ méjì tó ti ń retí láti ọdún méjìlélógún wá. Ìyá Iléèwé ń wò. Olùkọ́ méjèèjì ń wò. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ṣe? Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ lè wí pé òótọ́ lẹ máa sọ, torí ẹ ò rí ojú bàbá náà bó ṣe ń wò ó.

"Ó dúró," ni Ódúró wí.

Ìyá Iléèwé pàtẹ́wọ́. "Bàbá Onírin, ẹ kú oríire ọmọ. Ọmọ tó bá ń bọlá fún bàbá rẹ̀ báyìí, ọjọ́ rẹ̀ á pẹ́ lórí ilẹ̀, Ọlọ́run ló ṣèlérí ẹ̀." Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé irin náà sínú ọkọ̀.

Ódúró gbìyànjú. Ẹ má ní kò gbìyànjú. Bí ọkọ̀ ṣe lọ tán ló sún mọ́ bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, oríkèé kan wà níbẹ̀..."

"Oríkèé wo?"

"Mo ní bóyá kí n tẹ̀ lé wọn, kí n tún un wò kí wọ́n tó tò ó."

"Kí lo tún fẹ́ wò? Ṣebí o ti ní ó dúró." Bàbá yí ẹ̀yìn padà, ó na ọwọ́ sí òòlù tó wà lórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òòlù náà, sí orí igi lásán. Ó fi ìka táràrà títí ó fi kàn án, ó wá gbé e bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ṣe fẹ́ ẹ. Ódúró rí i, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀.

Wọ́n to irin náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Ajé ni iléèwé máa wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó fún àdúrà bí ìṣe wọn. Bàbá la Bíbélì, ó gbé e sórí itan, ó sì ń kà á ketekete nínú ìwé Òwe, pé ọlọ́gbọ́n ọmọ ní í mú inú bàbá rẹ̀ dùn, pé òmùgọ̀ ọmọ ni ìbànújẹ́ ìyá tó bí i. Ohùn rẹ̀ dùn bí ó ti máa ń dùn. Ódúró tó jókòó tì í yọjú wo ojú ìwé náà. Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ni bàbá ṣí. Orí ló ti ń kà á jáde, ọjọ́ tó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. "Ọlọ́gbọ́n ọmọ," ni bàbá tún wí, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. Ojú ti Ódúró débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ó bá ìyá rẹ̀ ní yàrá iwájú, níbi tó ti ń gán bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì bàbá. Ọjọ́ Ìsinmi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tó bá fẹ́ já kì í béèrè ọjọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Mo mọ̀ nípa ojú ẹ̀," ló wí. "Ta lo rò pé ó ń to bàtà ẹ̀ ní méjì-méjì sẹ́nu ọ̀nà? Ọdún kan rèé. Bó bá jẹ́ kí aráyé mọ̀, iṣẹ́ tán nìyẹn, òun náà sì tán. O mọ bàbá ẹ."

"Irin iléèwé ni, Màmá."

"Mo gbọ́." Ìyá fa òwú. "Nóà mutí yó, ó sùn ní ìhòòhò. Ọmọ kan rí i, ó jáde lọ rò ó. Ọmọ méjì mú aṣọ, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n bò ó, wọn ò wo ibi tó wà. Àwọn wo ló gba ìbùkún nínú wọn? Bo bàbá ẹ, ọmọ mi. Lọ wá ọgbọ́n kan dá sí i. Ṣùgbọ́n má tú u síta."

Ódúró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Wọ́n bò ó lóòótọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n wọn ò jáde lọ sọ fún àwọn ará ìta pé bàbá àwọn wọṣọ. Ohun tí èmi ṣe ní ọjọ́ Ẹtì nìyẹn, Màmá. Mi ò bò ó. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní ó wọṣọ."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ìyá. Ẹkún ló bú sí.

Ódúró ronú pé òun lè gba ilé Ìyá Iléèwé lọ tààrà, kí òun ká a mọ́lé, kí bàbá má mọ̀. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó ní bí òun bá fẹ́ tú bàbá òun síta, kò gbọdọ̀ jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tó jókòó sí lórí àpótí lábẹ́ páànù, tí kò ṣe nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, irin iléèwé yẹn kò dúró."

"Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ó dúró."

"Irọ́ ni mo pa."

Bàbá kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó yí ojú sí ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti ń wá, ojú náà sì pọ́n. "O parọ́ lórí iṣẹ́ mi?"

"Ojú yín ni, Bàbá. Iná kò jẹ irin. Mo mọ̀ ọ́n lára, mo sì rí i. Àwọn èèyàn ń wò yín, mi ò lè..."

"Mi ò bi ọ́ nípa ojú mi!" Ó dìde, àpótí ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ojú mi ń kú. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ìdí tí mo fi lè máa ṣiṣẹ́ náà nìyí: mo ní bí ọwọ́ mi bá ṣì í, Ódúró á sọ. Ẹ̀yìn rẹ ni mo fi ń ríran. Ẹ̀yìn rẹ yẹn náà ló wá ń parọ́ fún mi?" Ó fi ọwọ́ wá tábìlì dì mú. "Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá. Mo búra."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ódúró lára ju ìgbátí lọ. Bàbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ ògiri wọ inú ilé, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí Ódúró fi máa jáde láti lọ rí Ìyá Iléèwé, bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyá gán bọ́tìnnì rẹ̀, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí. Ó sọ "ẹ" fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Wọ́n rìn lọ, bàbá níwájú, ó ń fi etí àtẹ̀lẹsẹ̀ wá eteetí títì.

Agogo kò tíì lù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti pọ̀ nínú ọgbà. Ìdùnnú òkè tuntun kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn ìsàlẹ̀. Ódúró gbé ojú sókè. Ọmọbìnrin kékeré kan fi ẹ̀yìn ti irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó ń mì í síwá sẹ́yìn, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rojọ́. Bí Ódúró ṣe sáré nìyẹn. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó fo àtẹ̀gùn ní méjì-méjì, ó gba ọmọ náà mú ní apá, ó fà á mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi figbe ta. "Gbogbo yín, ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri! Ẹ̀yin ìsàlẹ̀, ẹ sá kúrò lábẹ́ ibí!"

Ìyá Iléèwé sáré gòkè, "Kí ló dé? Kí ló dé?" Bàbá Onírin ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ka àtẹ̀gùn. Ó fi àtàǹpàkò tọ irin náà lọ títí ó fi dé oríkèé kejì, ó dá ọwọ́ dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó gbé òòlù, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, kì í tilẹ̀ ṣe tagbáratagbára. Irin tó yọ́ yẹn ṣí kúrò bí èépá ojú egbò, ọ̀pá náà sì já sínú ọgbà. Ó dún gbàgà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti máa ń tò sí.

Ó tẹ̀ lé e lọ bẹ́ẹ̀. Ogójì oríkèé ló wà níbẹ̀. Mọ́kànlá ló ṣí. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá ṣí, èjìká bàbá náà á wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tó parí, ó kọjú sí ibi tó rò pé Ìyá Iléèwé wà, ó ní, "Ojú mi ló kú, mo sì ń fi pamọ́. Ẹ̀bi mi ni. Ọmọ mi kò mọ nǹkan kan. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i."

Ẹ gbọ́ o. Bàbá tí wọ́n tú síta ló ń wá aṣọ tó máa fi bo ọmọ. Gbogbo ohun tí Ódúró nílò kò ju pé kó dákẹ́ lọ.

"Mo mọ̀, mà," ló wí. "Mo mọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lójú yín gan-an ni mo ti sọ pé ó dúró."

Ìyá Iléèwé wò ó tòkè-tilẹ̀. Ó wo ọmọ kékeré tí Ódúró ṣì dì mú. "Mo yìn ọ́," ló wí. "Mo fi ọ́ ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn olùkọ́ mi. Ẹ gbé irin yín lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kárí àdúgbò, ẹ mọ ẹnu àwọn èèyàn. Àwọn kan ní bàbá fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn ní ọmọ burúkú ni ọmọ tó mú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síbi tí wọ́n ti máa já a láṣọ. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà, wọ́n ń pè é ní Kòdúró. Ó ń gbọ́ ọ bó bá ń kọjá lọ ra nǹkan. Dókítà ojú ní ojú ọ̀tún ti lọ, pé ti òsì ń tẹ̀ lé e, pé iná ọdún gbọọrọ ló jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, oníbàárà kan kò yà. Bàbá a jókòó sórí àpótí láti àárọ̀, bó bá sì fẹ́ nǹkan, á ní kí ìyá bá òun sọ fún "ọmọ yín yẹn." Àdúrà àárọ̀ ṣì ń wáyé, ṣùgbọ́n bàbá kì í ka ìwé Òwe mọ́. Ódúró ń bi ara rẹ̀ léèrè lójoojúmọ́ bóyá ọlọ́gbọ́n lòun ṣe ni àbí òmùgọ̀, torí pé òun kò rí inú tó dùn nínú ilé náà.

Ìyá àgbà ojúlé kejì ló kọ́kọ́ wọlé. Orúnkún ń dùn ún, ó fẹ́ irin kékeré tí yóò máa dì mú ní àtẹ̀gùn mẹ́ta ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é," ló wí. "Mo ti darúgbó, kò yẹ kí n já bọ́ nínú irin àwọn tí kò lè jẹ́wọ́."

Ódúró ṣe é fún ọjọ́ méjì. Òun nìkan ló gé e, òun nìkan ló jó o, ó sì ń kánjú, torí pé bàbá jókòó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, ó ń gbọ́ gbogbo ohùn iná náà. Ìyá àgbà fi ọ̀pá tilẹ̀ wá wò ó. Irin náà dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ódúró kò mọ ẹni tó máa fi ẹ̀yìn tì í. Kò lè fara ti iṣẹ́ ara rẹ̀ kó sì tún jẹ́rìí sí i.

Àpótí dún. Bàbá ti dìde. Ó rìn wá pẹ̀lú ọwọ́ níwájú títí ó fi kan irin náà. Ó yí padà, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó gbé gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ lé e, ó dákẹ́, ó tẹ́tí. Ó sún sí ọ̀tún, ó tún tẹ́tí. Ó tẹríba, ó fi èékánná àtàǹpàkò wá abẹ́ oríkèé ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ Ódúró ti yára jù lánàá.

"Kò dúró," ló wí.

Ojú Ódúró gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ìyá àgbà lanu. "Háà, Bàbá Onírin! Lójú èmi oníbàárà? Ẹ ò wá lè bo ọmọ yín láṣìírí ni?"

"Mo ń bò ó ni," ni bàbá dáhùn. "Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ódúró fa ìbòjú tí wọ́n fi ń jó irin wálẹ̀ kíákíá, iná kò sì tíì tàn rárá. Ìyá àgbà rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bàbá ti tẹ orúnkún sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú fún un, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tún un jó, Ódúró," ló wí. "Má kánjú."